Marjun, Ẹni Tó Sọ Ìtàn Ọkọ̀ Tó Rì Di Àwo Orin

Ní abúlé Hvannavík, ní erékùṣù Faroe, ni a bí olóògbé Marjun Dalsgarð sí ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 1946. Bàbá rẹ̀ ni Jógvan apẹja. Ìyá rẹ̀ ni Billa, tí gbogbo abúlé mọ̀ mọ́ orin ìtàn. Èmi Rannvá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni ẹbí ní kí n kọ èyí. Mo fi ọdún mẹ́ta àti ìdí ràbàtà jù ú lọ.

Ó parí ìwé rẹ̀ ní Tórshavn ní 1963. Ní 1969 ó fẹ́ Hanus, tó ń bójú tó ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìpẹja. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi la ẹja nílé iṣẹ́ ẹja, kò sì pa ìsìn jẹ rí, àfi ọjọ́ tó bímọ.

Ijó ìtàn tiwa kò ní ìlù, kò sì ní òǹwòran. Gbogbo wa á di ọwọ́ mú yíká, ẹnì kan á máa lé orin, ìyókù á máa gbè é. Lẹ́yìn ikú ìyá wa, èmi ni mò ń lé e. Ní 1978, Marjun mú orin ìyá wa nípa ọkọ̀ tó rì ní 1911, ó ta gìtá sí i, ó fẹ́ gbé e sínú àwo kan tó ní orin mẹ́sàn-án nípa ìtàn ilẹ̀ wa. Ẹsẹ tó kẹ́yìn, tó dárúkọ ọkùnrin mẹ́rìnlá tó bá ọkọ̀ náà lọ, èmi nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n.

Ó wá bá mi ní ilé ìdáná. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi ní ẹsẹ yẹn."

"Mo ti gbàgbé."

"Ẹ̀yin tí ẹ rántí gbogbo ohun tí ẹ jẹ níbi ìgbéyàwó mi?"

"Ikùn ló ń rántí ìyẹn."

Irọ́ ni mo pa. Ìlara ni. Nínú àwo náà, ó pa ẹnu dé níparí orin náà, ó kàn ń kùn ún nímú. Mo ń retí kí àwọn tó gbọ́ ọ fi í ṣẹlẹ́yà. Àwọn àgbà ọkùnrin ń sunkún ni. Ṣúẹ́tà tí èmi hun ló wọ̀ nínú àwòrán ara àwo náà. Níbi ijó, wọ́n á ní, "Rannvá, kùn ún bíi ti Marjun." Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mo fi kùn ún, tí ẹsẹ náà há mi lọ́fun.

Ní oṣù kejì ọdún 2025, mo jókòó tì í nílé ìwòsàn, mo kọ ẹsẹ náà sí i létí, orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Ó ní, "Mo mọ̀ látìgbà yẹn pé ẹ ò gbàgbé."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Kíkùn yẹn dùn jù ú lọ."

Inú bí mi débi pé bàtà Hanus ni mo wọ̀ lọ sílé.

Ó sinmi ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta. Ó fi Hanus sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ Eyðun, Sunnvá àti Bárður, ọmọ-ọmọ méje, àti ẹ̀gbọ́n kan tó ṣì ń jowú.

Lẹ́yìn ìsìnkú lónìí, a ó di ọwọ́ mú ní gbọ̀ngàn. Èmi ni n ó lé orin náà. Bí a bá dé ìparí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa kùn ún bíi tirẹ̀, kí n lè pe àwọn mẹ́rìnlá náà lé e lórí, kí n sì fi orúkọ Marjun sọ wọ́n di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Máa sùn jẹ́ẹ́jẹ́, àbúrò mi. Kí ilẹ̀ Hvannavík fọwọ́ ẹ̀rọ̀ gbà ọ́.