Ẹ Má Sá Ṣòkòtò Sórí Wáyà Rédíò Mọ́

Bàbá Ṣemílọ́rẹ,

Mo ti bá Èjìgbò sọ̀rọ̀! Láàárọ̀ yìí ni mo kọ́kọ́ fi orúkọ ìpè tèmi, èyí tó wà nínú ìwé àṣẹ mi, pe ènìyàn lórí rédíò. Ẹ̀rọ tuntun tó ń fún ohùn lágbára kọ́kọ́ kọ̀, iná pupa ló ń tàn. Mo rò pé mo ti bà á jẹ́ ni. Mo jáde, mo bá ṣòkòtò tútù yín lórí wáyà tó ń gbé ohùn rẹ̀ lọ! Bí mo ṣe ká a kúrò, ẹ̀rọ náà dún kẹ́kẹ́kẹ́, ó fúnra rẹ̀ tún ara rẹ̀ tò kó lè bá wáyà mu. Mo tún pè, ọkùnrin kan sì dáhùn láti Èjìgbò pé, "Ìyá, ohùn yín mọ́ ketekete, ṣé inú yàrá mi lẹ wà ni?"

Mo ti lọ sí àdúgbò Marcory. Ọkùnrin Èjìgbò náà máa tún pè ní cinq heures, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹ dá a lóhùn, ṣùgbọ́n orúkọ ìpè tiyín ni kí ẹ lò. Èmi nìkan ni mo ni tèmi.

Ìyá Ṣemílọ́rẹ