Má Gba Ogójì Pọ́n-ún Wọn

Abà Adégbìtẹ́,
Ọ̀nà Àpáta, Ìbàdàn.
Ọjọ́rú, 25 October, 1961.

Theophilus Àjàmú ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń sùn, ṣé o ń jí? Àwọn tí ẹ jọ ń gbé ní Bódìjà ńkọ́, àti ọ̀gá rẹ ní ọ́fíìsì ìjọba, ṣé ara wọn le? Ọlọ́run tó mú wa la òjò ọdún yìí já kò ní jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀ gbẹ wá lọ́fun. Ìbẹ̀rù kò ní mọ ẹnu ọ̀nà rẹ o, nítorí ó ti mọ tèmi, ó sì ti gba àga níbẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú.

Èmi fúnra mi ni mo fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí. Mi ò pe ọmọ iléèwé kankan sí i, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ọmọdé ń gbọ́ kó tó sùn. Ẹ̀kọ́ tí Tísà Ògúnlẹ́yẹ ń kọ́ àwa àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ni mo fi ń kọ ọ́. Bí o bá rí i tí àwọn lẹ́tà náà dùbúlẹ̀ bí àgbàdo tí atẹ́gùn gbá, ìbẹ̀rù ló gbá wọn, kì í ṣe ogbó.

Ìyá rẹ Àpínkẹ́ ní kí n kí ọ. Ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fúyẹ́ láti ìgbà tó ti mu òògùn inú ìgò tí o fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn tó mu ún tán ni Tísà ka ara ìgò náà fún wa pé pípa ni wọ́n ń pa á sára, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn náà ti gbọ́, a ò sì lè sọ fún un pé kó má gbọ́ mọ́. Kòkó wà lórí ẹní, oòrùn ń ṣe ojú kan sí i lónìí, ó ń ṣe ojú míì sí i lọ́la. Túnráyọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ṣì wà lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí mo ti lọ mú un kúrò nílé ọkọ rẹ̀, ó ti sanra, ó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Fi Túnráyọ̀ yẹn sọ́kàn, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló la ojú mi sí ewu tí o fẹ́ kó wọ̀.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ wá lọ́wọ́ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, pẹ̀lú ìwé tí o ní kí n fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí onígbọ̀wọ́ rẹ, kí àwọn tó ń ta mọ́tò ní Dúgbẹ̀ lè gbé mọ́tò tuntun fún ọ. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ní kí Tísà ka ìwé náà sókè kí gbogbo abà gbọ́. Ó kà á pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin pọ́n-ún ni mọ́tò náà. Mo mí kanlẹ̀, mo ní ó dáa, nǹkan ńlá ni. Ó tún kà á pé wọ́n máa dá ogójì pọ́n-ún padà fún ọ nínú rẹ̀. Mo ní kí ló fà á? Ó ní ẹ̀dínwó ni. Mo ní ta ló bẹ̀ wọ́n? Ó ní ìwọ ni. Lóòótọ́, o kọ ọ́ pé Sátidé mẹ́ta lo fi bá wọn fa ogójì pọ́n-ún náà, pé ọ̀fun rẹ gbẹ, pé o ṣe bí ẹni ń lọ ra ti ẹlòmíràn ní Ring Road kí wọ́n tó pè ọ́ padà. O kọ ọ́ bí ẹni tó ṣẹ́gun. Àjàmú, ẹja tó rí ekòló nínú omi, òun náà rò pé ọgbọ́n òun ni òun fi rí i.

Tísà ṣì ń kà lọ. Wọ́n á fi rédíò sínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n á fi ẹní ẹsẹ̀ sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Mọ́tò náà á máa padà sọ́dọ̀ wọn nígbà mẹ́ta nínú ọdún àkọ́kọ́ kí wọ́n lè yẹ ara rẹ̀ wò, wọn ò ní gba kọ́bọ̀. Lẹ́yìn gbogbo oore yìí ni wọ́n wá to owó wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀ ìwé: owó gbígbé e wá láti Àpápá, owó kíkọ nọ́ńbà sí i, owó ìwé, owó fífọ̀ ọ́ kó tó jáde nílé.

Ibẹ̀ ni òtútù ti mú mi nínú oòrùn ọ̀sán. Mi ò mọ mọ́tò, ṣùgbọ́n mo mọ ìwé yìí, torí èmi náà ti kọ irú rẹ̀ rí. Nígbà ìdána Túnráyọ̀, ṣé o rántí ìwé tí a fi ránṣẹ́ sí àwọn àna? Owó bàbá gbọ́, owó ìyá gbọ́, owó ìyàwó ilé, owó ìṣíjú, wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́ báyìí lórí ìlà. Ọjọ́ tí wọ́n wá, wọ́n ka owó orí fún mi pé, mo gbà á, mo kà á, mo sì dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà fún wọn lójú gbogbo ènìyàn. Mo ní a ò ta ọmọ wa, a kàn wá ilé fún un ni. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ yọ̀ gan-an, bí ìwọ náà ṣe ń yọ̀ yìí. Ó rò pé owó lòun rí gbà.

Nígbà tó wá gbọ́wọ́ sókè sí ọmọ mi, èmi àti Mùstàfá ọ̀rẹ́ mi la lọ bá a. A ní kí Túnráyọ̀ palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ọkọ la ẹnu pé kí la ń ṣe. Mo bi í pé ṣé o rà á ni? Ṣebí mo dá owó rẹ padà fún ọ? Ó yà kúrò lẹ́nu ọ̀nà fún wa. Òfin tó wà nínú dídá owó padà nìyẹn, ọmọ mi. Ẹni tó bá dá owó padà fún ọ kò tíì ta nǹkan náà fún ọ. Rédíò yẹn, ẹrù ìyàwó ni. Ìgbà mẹ́ta tó máa padà sílé yẹn, wọn ò yẹ ara rẹ̀ wò lásán, wọ́n á máa bi í bóyá o ń fún un lépo yó, bóyá o ń gbé e kọlu kòtò. Ìgbà kẹta, wọ́n á ní kó má lọ mọ́. Ìwọ á wá dúró ní Dúgbẹ̀ níwájú ọ̀gá rẹ àti gbogbo ará ọ́fíìsì, wọ́n á ní ṣé o rà á ni?

Mi ò sùn lóru náà. Nígbà tó di ìjẹta, èmi àti Mùstàfá wọ lọ́rí, a dé Dúgbẹ̀ láìsọ fún ọ. Ilé náà, ògiri rẹ̀ gíláàsì ni, àwọn mọ́tò dúró sínú rẹ̀ wọ́n ń wo òde bí ọmọge. Ọmọkùnrin tó ń tà wọ́n, Adéyínká ni wọ́n ń pè é, ó dọ̀bálẹ̀ fún wa pẹ̀lú táì lọ́rùn, ó gbé àga fún wa, ó fún wa ní omi dídùn inú ìgò. Mùstàfá kò mu tirẹ̀. Ó ní àgbò tí wọ́n bá ń fún lóúnjẹ tó dára jù, kó béèrè ọjọ́ tí Iléyá bọ́ sí.

Mo sọ fún Adéyínká pé èmi ni bàbá Theophilus tó fẹ́ ra mọ́tò aláwọ̀ ewé, kó ṣàlàyé owó náà fún mi kí n lè fọwọ́ sí ìwé. Ó jókòó, ó sọ ọ́ bí ọmọlúàbí. Ó ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin yẹn, iye tí kọ́ńpìnnì ń pè é ni, kì í ṣe iye tí wọ́n rà á. Àlàfo wà láàárín méjèèjì, inú àlàfo yẹn ni ẹ̀dínwó àti rédíò ti ń jáde. Mo bi í pé àlàfo náà jìn tó báwo. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá, ìyẹn lẹ́nu wa kì í sọ. Àjàmú, wọ́n gbẹ́ kòtò, wọn ò sọ bó ti jìn tó, ìwọ sì ń bọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú bàtà dídán.

Mo ní kí ló dé tí ìwé wọn fi ní kí n yára fọwọ́ sí i kí oṣù tó parí. Ó wò mí, ó ní òun ò ní purọ́ fún bàbá òun. Ó ní bí òun bá ti mú ènìyàn mẹ́wàá kí oṣù tó parí, kọ́ńpìnnì á fún òun lówó pàtàkì kan. Ó ti mú mẹ́sàn-án. Theophilus ni ìkẹwàá.

Ọmọ mi, mo gbé ìgò omi dídùn náà sílẹ̀. Mùstàfá di etí agbádá mi mú. Òun ló láyà láti béèrè pé níbo làwọn mẹ́sàn-án yòókù wà. Adéyínká ní méjì wà ní Challenge, àwọn míì wà ní Ring Road, ọ̀kan sì wà ní ọsibítù ní Jẹ́ríkò. Mo dìde. Ìgbà tí mo ti dé ẹnu ọ̀nà ló tó sáré bá mi pé dókítà ni ẹni ti Jẹ́ríkò yẹn, iṣẹ́ ló ń ṣe níbẹ̀. Mo padà jókòó, ṣùgbọ́n ìdí mi kò kan àga dáadáa mọ́.

Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti fún mi lọ́gbọ́n. Mo rò ó pé ẹni tó bá san owó rẹ̀ pé, kò sẹ́ni tó lè gba nǹkan náà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Mo bọ́ fìlà, mo gbé e sílẹ̀, mo ní Adéyínká, mo bẹ̀ ọ́, ẹ má dá nǹkan kan padà fún ọmọ mi. Ẹ gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin yín pé. Ẹ tú rédíò yín. Ẹ ká ẹní yín. Bí mọ́tò bá fẹ́ kí yín, kó kí yín lójú ọ̀nà, kó má wọlé.

Ó ní Bàbá, ẹ̀ ń ṣeré. Mo ní ojú mi ha jọ ti ẹni tó ń ṣeré bí? Ó lọ pe máníjà wọn, òyìnbó kan tó ga. Adéyínká sọ ọ́ fún un lédè wọn. Òyìnbó wò mí, ó wo Mùstàfá, ó tún wò mí, ó ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Òyìnbó wọ inú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, a sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ níbẹ̀. Mùstàfá ní ẹkún ló ń sun nítorí pé a ti já ọgbọ́n wọn.

Adéyínká fà mí sẹ́yìn mọ́tò kan, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó ní Bàbá, ẹ má ṣe é. Ó ní ọmọ yín jà kó tó rí ogójì yẹn gbà, inú á bí i, ẹ jẹ́ kó mú un, ọ̀fẹ́ ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sunkún. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dá mi lójú. Àna tó bá ń bẹ̀ ọ́ kí o gba owó padà, ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ wá mú. Kí ẹnu wọn lè wọlẹ̀ pátápátá, mo tú ìdí aṣọ, mo ka pọ́n-ún márùn-ún lé wọn lọ́wọ́ lórí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náà, pé èyí ni ti ìdágbére. Wọn ò mọ ìlà tí wọ́n máa kọ ọ́ sí.

Wọ́n tẹ ìwé tuntun. Tísà ti bá mi yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin pọ́n-ún, kò sí ẹ̀dínwó, kò sí rédíò, kò sí ẹní, kò sí pípadà sílé. Mo kọ orúkọ mi sí i láìfi ìka tẹ nǹkan kan. Adéyínká dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní òun ò tíì rí irú bàbá báyìí rí. Ẹ̀rù tó wà láyà mi dín kù sí ìdajì.

Nítorí náà, má sọ pé mo ṣe ọ́ ní nǹkan kan, má sì dúpẹ́ jù, ojúṣe bàbá ni. Ogójì pọ́n-ún tí wọn ò dá padà mọ́ yẹn, wọ́n ní kí o mú un dání pẹ̀lú owó tìrẹ ní Sátidé, mo sì ti dáhùn fún ọ pé tayọ̀tayọ̀ ni wàá fi mú un wá. Pọ́n-ún márùn-ún tí mo fi dágbére, owó maṣín-ìnnì Túnráyọ̀ ni. Fi í ránṣẹ́ nípasẹ̀ Mùstàfá tó mú lẹ́tà yìí wá, kí Túnráyọ̀ má bàa rojú. Fi ṣílè méjì sí i fún kẹrosíìnì àtùpà tí mo fi kọ lẹ́tà yìí, àti owó fìlà, torí ilẹ̀ wọn ní òróró. Bí o bá fẹ́ gbọ́ rédíò, ti Tísà ń ké níbí láràárọ̀, máa wá gbọ́ ọ.

Ohun tí o bá rà, wàá rà á tán. Ọ̀nà Bódìjà, ọ̀nà Àgbowó, ọ̀nà tí wàá gbà wá kí wa, kò ní mọ orúkọ rẹ fún ibi. Kò sẹ́ni tó máa fi ọ́ pé iye. Mọ́tò tí o gbé kúrò nílé àwọn tó bí i kò ní padà lọ sunkún níbẹ̀ láé.

Èmi ni bàbá rẹ tí àyà rẹ̀ ṣì ń já díẹ̀,

Adégbìtẹ́.