Àga Onítáyà Tó Dá Ìjà Sílẹ̀

Ọmọ mi, ẹnjiníà mi,

Dákun, má bínú pé mo gbójúgbóyà kọ̀wé sí ẹ fúnra mi. Ọdún kìíní ni mo ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbàlagbà. Bí o bá rí àṣìṣe, fojú ọmọ wò ó. Ṣé àlàáfíà lo wà? Iṣẹ́ rẹ kò ní dojú rú. Bàbá ẹ ń gégi lọ. Ẹ̀yìn ló ń dùn ún, ẹnu ò dùn ún rárá.

Mo gbọ́ pé o fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ àwọn tí ẹ jọ ń ṣe àga onítáyà fáwọn tí kò lè rìn, nítorí ọmọbìnrin tó ń yàwòrán rẹ̀. Ìwọ fẹ́ kí apá àga náà le gbagidi, òun ní kó ṣeé ṣí. Mo mọ ohun tó fà á. Lọ́jọ́ tí o fi ìpàdé yín hàn mí lórí fóònù, kóówá yín ló wà nínú yàrá tóóró tirẹ̀, orí nìkan ló ń yọ lójú fèrèsé. Báwo lẹ ò ṣe ní jà? Mo ti ní kí bàbá ẹ kan bẹ́ǹṣì gígùn tó máa gba gbogbo yín.

Nílé wa, bàbá ẹ kì í kan ìṣó ìkẹyìn mọ́ àga kí èmi tí mò ń rán tìmùtìmù tó jókòó sí i. Bí mo bá ní ó ń gún mi, á ní ìdí mi ni kò gbọ́n. A ó jà, á sì tún un gé. Ẹnì kankan ò tíì dá àga wa padà.

Mo wá pe nọ́ńbà tí o fi pè mí lọ́jọ́ tí ẹ pàdé lójúkojú, tí bátìrì fóònù rẹ kú. Ayàwòrán náà ló gbé e. Ó kí mi dáadáa. Ó ní ìyá òun ò lè rìn mọ́, pé òun ló ń gbé e láti orí àga bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, apá àga sì máa ń ha á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò lè sọ ọ́ níbi iṣẹ́, kẹ́ ẹ má baà ní àánú ló ń wá.

Fi owó mọ́tò bẹ́ǹṣì ránṣẹ́, ṣùgbọ́n má fi gba ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ báǹkì tó ń pọ owó yẹn. Mo kí i títí, kò dá mi lóhùn. Kí Olúwa fi ọgbọ́n sí ẹ lórí, kó fi sùúrù sí ẹ lẹ́nu. Lọ bá ọmọbìnrin náà, bi í bó ṣe yẹ kí apá náà ṣí. Ó dá mi lójú pé o máa rí irin tó ń ṣí tí kò ní dá.

Ṣùgbọ́n fi lẹ́tà yìí pamọ́, má jẹ́ kó rí i láé. Mo ti ṣèlérí fún un pé mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, mo sì rò pé kíkọ kì í ṣe sísọ.

Ìyá rẹ.