Orogún Mi Tó Ń Gbé Inú Òṣùpá

Bàbá Ìbejì, ó di ọdún mẹ́ta tí ilẹ̀ ń mọ́ tí o ò sí nílé! Ọdún mẹ́ta tí mò ń nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, tí ọwọ́ mi ò ba nǹkan kan.

Àwọn ọmọ rẹ ti ga jù mí lọ. A ti kan òrùlé ilé ìdáná. Ṣọ́ọ̀bù tí o ti ń tún sinimá àtijọ́ ṣe kò kógbá sílé. Obìnrin tó ń bá ọ lẹ fíìmù tó já, tí o sọ ní Alálẹ̀mọ́, ló ń darí ẹ̀.

Ṣùgbọ́n o mọ̀ mí. Òjòwú ni mí, ikú rẹ ò sì wo owú náà sàn! Mo jowú Alálẹ̀mọ́, torí òun ló máa ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ látàárọ̀ dalẹ́. Èyí tó wá burú jù ni obìnrin inú sinimá aláìlóhùn yẹn, èyí tí wọ́n fi ọkọ̀ onírin gbé lọ sínú òṣùpá. "Ẹ wo ojú ẹ̀," lo máa ń wí fún àlejò. Ojú tèmi ńkọ́? Èmi tí mò ń fọhùn, èmi tí mò ń sebẹ̀!

Nígbà tí o lọ, mo ti fíìmù náà mọ́ inú àpótí, mo jókòó lé e. Alálẹ̀mọ́ wá bẹ̀ mí: "Ìyá Ìbejì, á jẹrà síbẹ̀ o." Mo ní, "Kó jẹrà!" Àfi ìgbà tí ọmọbìnrin rẹ bú sẹ́rìn-ín: "Mọ́mì, ṣé àwòrán lẹ̀ ń bá du ọkọ?" Ojú tì mí. Mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo kó fíìmù náà fún Alálẹ̀mọ́.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n fi sinimá náà hàn lójú aṣọ funfun ní gbọ̀ngàn. Èrò kún fọ́fọ́. Àwọn ará òṣùpá ń fò kiri bí ọ̀pọ̀lọ́, bàtà wọn ń yọ lábẹ́ aṣọ eré tí wọ́n wọ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ni obìnrin yẹn yíjú padà, tó ń wo ayé tó fi sílẹ̀, tó kéré bí ọsàn lókèèrè. Mo fẹ́ kórìíra ẹ̀. Mi ò rí i ṣe. Èmi náà mọ bí èèyàn ṣe ń wo ibi tí ọwọ́ ò tó mọ́.

Alálẹ̀mọ́ ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo tú ìborùn mi fún un, ó fi nujú. Àmọ́ mo kìlọ̀ fún un pé kó má sunkún jù mí lọ. Èmi ni ìyàwó!

Ọkọ mi, a ò gbàgbé rẹ. Bí obìnrin kankan bá sún mọ́ ọ níbi tí o wà, sọ fún un pé o níyàwó nílé. Mo ṣì nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mo ṣì ń jowú nítorí rẹ.