Páálí Abẹ́ Àtẹ̀gùn

Hebbelstraße 14,
Weiden,
Jámánì.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì, ọdún 2024.

Àbúrò mi Faina,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Daniel ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé eyín ọmọ ti yọ? Ṣé oòrùn Melbourne kò pa yín lára? Àwa níbí wà láàyè, òtútù nìkan ló ń bá wa jà. Jọ̀wọ́, jókòó kí o tó ka ìyókù.

Tíṣà Gurewitsch, tíṣà ẹ̀sìn Júù wa, ti kú. Ọjọ́ Ajé ló kú, a sin ín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kò sí bí o ṣe lè débẹ̀. Ó dùn mí wọra, Faina.

O rántí páálí abẹ́ àtẹ̀gùn ilé rẹ̀? Gbogbo ẹ̀kọ́ tí mò ń bá a tẹ̀ jáde látorí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí orúkọ Ọlọ́run wà nínú wọn, tí a kò gbọdọ̀ jù sí ààtàn, ibẹ̀ ló ń kó wọn sí. Mo máa ń ráhùn: "Tíṣà, ẹ ò jẹ́ ká rí ọ̀nà gbà nílé yìí mọ́." Á ní, "Raissa, tẹ̀ ẹ́ jáde, o jàre! Èyí tí mo kọ́ lọ́jọ́bọ̀ ni mo fẹ́ fi kọ́ wọn ní Sọ́ńdè." Ta ni ìbá kọ́ òun alára ní àdúrà ní Kharkiv ìlú rẹ̀, nígbà tí ìjọba kò fàyè gba ẹ̀sìn? Ẹni àádọ́ta ọdún ló jókòó ti kọ̀ǹpútà, tó ń fi èdè Jámánì tí kò tíì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu kọ́ ẹ̀sìn àwọn baba rẹ̀.

Nígbà tó ní kí o wá máa bá òun kọ́ àwọn ọmọdé, ojú gbogbo wa lo ti sọ pé, "Kí lẹ fẹ́ kọ́ mi, tíṣà orí kọ̀ǹpútà?" Ẹyin lọ̀rọ̀, o sì jẹ́ kó bọ́. Ọdún mẹ́wàá, ẹ ò sọ̀rọ̀ mọ́. Síbẹ̀, kò bú ọ létí mi rí. "Faina ńkọ́? Ṣé ó ń jẹun dáadáa?" ló máa ń bi mí.

Inú sàréè rẹ̀ la kó ìwé páálí náà sí, gẹ́gẹ́ bí àṣà ẹ̀sìn wa. Ṣùgbọ́n mo rí abala kan nínú ìwé àdúrà tó ń lò lójoojúmọ́. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ ni, nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ: "Tíṣà kò mọ èyí." Òun náà kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó jọ mọ̀ ọ́n."

Ilẹ̀ ló ni ín, àmọ́ mi ò lè sin ín. Òun ni mo fi sínú lẹ́tà yìí. Ẹ̀kọ́ náà ṣì wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tí ọmọ rẹ bá dàgbà, ẹ jọ ṣí i. Bó bá bi ọ́ ní ohun tí o kò mọ̀, sọ fún un pé o kò mọ̀ ọ́n.

Bá mi kí Daniel, kí o sì bá mi gbé ọmọ mọ́ra.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ tí ń sunkún,
Raissa.