Ẹsẹ̀ Mi Kọ́ Ló Ń Mú Ẹ́ńjìnnì Ké

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oṣù Kẹjọ, 1988

Inú ṣì ń bí mi. Bí mo bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì láti pààrọ̀ jíà, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tuntun yìí á ṣì máa ké. Bàbá Ràṣí, mẹkáníìkì wa ní Takie, ní, "Tíṣà, ẹ̀yin obìnrin kì í tètè gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù tó ń fún ẹ́ńjìnnì lépo."

Èmi tí mo ti ń wakọ̀ lọ Ọ̀yọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án.

Mo ní, "Bàbá, ẹ wà á fúnra yín."

Wọ́n bọ́ bàtà, torí wọ́n gbà pé àtẹ́lẹsẹ̀ ni mẹkáníìkì fi ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Wọ́n wà á dé Ọjà Igbó. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ó ṣì ń ké.

"Ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ n tú u."

Mo kọ̀ jálẹ̀. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá sọ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí tọ́tù máa rọra padé ni lẹ́yìn tí a bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, kí epo tí ò jóná má baà di èéfín. Kò sẹ́ni tó máa tú ohun tí ò bàjẹ́.

Wọn ò ní kí n má bínú. Àmọ́ kí wọ́n tó wọ bàtà padà, wọ́n wo ẹsẹ̀ tiwọn títí.