Ibi Tí Àwa Obìnrin Ń Jókòó

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, àsàlámù aléékùm. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ìyá kan ní Ìlọrin ni kí ẹ pè mí.

Mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ra ojú tẹlifíṣọ̀n ńlá kan sí ìhà àwa obìnrin, kí á lè máa rí Àáfà tí wọ́n bá ń ṣe tafsíìrì, ìtumọ̀ Kùránì. Ọkùnrin kì í wọ ìhà wa, ni àwọn ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí bá dúró lẹ́nu géètì, wọ́n wò ó látọ̀ọ́kán, wọ́n ní, "Màṣáálláhù, ó mọ́ kedere!"

Bẹ́ẹ̀, ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré ni àwa fi jìnnà sí i. Kìkì iná wẹ́wẹ́ là ń rí. A ò mọ imú Àáfà yàtọ̀ sí ẹnu wọn. Mo sọ fún alága ìgbìmọ̀, ó ní kí á sún sẹ́yìn. Ògiri ló wà lẹ́yìn wa!

Àbúrò mi obìnrin tó ń ta irú ẹ̀ ní Challenge ní Ìlọrin níbí wá wò ó. Ó ní P10 ni, pé mìlímítà mẹ́wàá ló wà láàárín iná kan sí èkejì, ti ojú títì ni, ẹni tó jìnnà tó mítà mẹ́wàá ló lè rí i dáadáa. Ó ní ohun tí òun kọ́kọ́ máa ń bi oníbàárà ni ibi tí òǹwòran máa jókòó sí.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé ó ti pọ̀ jù kí ẹnì kan bi àwa náà bẹ́ẹ̀?